Ìlà Abúlé Wa Nínú Ìwé Ìṣúná

Lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, kò tíì pẹ́ tí náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Àwọn àgbàlagbà ṣì máa ń pín iye náírà sí méjì nínú ọkàn wọn kí wọ́n tó mọ bí owó kan ti tó. Èmi ni tapíìsì ní ọ́fíìsì akápò káńsù wa. Mo ń gbé yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìlú tí káńsù wà, mo sì máa ń lọ sílé ní abúlé wa, lójú ọ̀nà Ọ̀fìkì, ní ọjọ́ Sátidé tí mo bá rí ọkọ̀.

Ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́dún tí iná ọ̀dàn jó abà bàbá mi pẹ̀lú gbogbo iṣu tó wà níbẹ̀, owó ìkórè ìjọ ni wọ́n fi san owó ilé-ìwé mi. Mi ò gbàgbé é rí. Nígbà tí mo bá jókòó sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láàárọ̀, mo máa ń dúpẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án, torí mo mọ àwọn tó ta iṣu àti òrí kí ìka mi tó mọ ibi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà.

Mo ní láti sọ díẹ̀ nípa ìkórè yẹn, nítorí òun ló wá bá wa dé gbọ̀ngàn káńsù. Ní ìjọ wa, akọ̀wé ìjọ a dúró níwájú, a pe orúkọ ìdílé kọ̀ọ̀kan, a sì pe iye tí wọ́n mú wá. Bí iye náà bá pọ̀, àwọn èèyàn a hó yèè. Bí ó bá kéré ju bí wọ́n ṣe mọ ẹni náà sí, ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, onítọ̀hún á sì máa wo ilẹ̀ títí ìsìn á fi parí. Ẹ̀gbọ́n mi kejì wà ní Kàdúná nígbà náà, ó sì ti pẹ́ tí kò wálé. Lọ́dọọdún, ìyá mi a ju kọ́bọ̀ kan sínú àwo ní orúkọ rẹ̀, wọ́n á sì pè é: "Ọmọ wa tó wà ní Kàdúná, kọ́bọ̀ kan." Kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, torí gbogbo ìyá tí ọmọ wọn wà lẹ́yìn odi ló ń ṣe é. Kọ́bọ̀ náà kì í ṣe ọrẹ. Ó wà níbẹ̀ kí orúkọ ọmọ má baà kúrò nínú ìwé ìjọ kí ó tó dé. Bàbá mi nìkan ni kò fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni Bàbá Ìjọ. Ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, pé ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ kó wálé wá dúpẹ́.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi àgbà rọbí láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò. Odò ti kún bo afárá onígi. Wọ́n gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù pé kí wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ṣakí, ọkọ̀ sì rì sínú ẹrẹ̀ kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Inú ọkọ̀ yẹn ló ti bímọ. Ọmọ náà kò ké. Ìyá rẹ̀ yè é, ìyẹn ni pé ó ń rìn, ó sì ń jẹun, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tún máa dáhùn bí èèyàn bá pè é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi kó àwọn ọkùnrin abúlé jọ, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, ó ní àwọn máa kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́. Àwọn obìnrin ìjọ ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀. Lèmọ́mù ló mú páànù wá. Ilé náà ní yàrá mẹ́ta, wọ́n kùn ún ní ẹfun, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún bàbá mi. Ohun tó kù ni kí káńsù gbà á, kí wọ́n sì rán agbẹ̀bí wá. Ọdún kan kọjá, kò sí agbẹ̀bí. Kọ́kọ́rọ́ náà ń dípẹtà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì ti tún lóyún.

Iṣẹ́ tó máa ń já mi láyà jù lọ́dún ni ìwé ìṣúná káńsù. Ewé rẹ̀ pọ̀, nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, àṣìṣe kan ṣoṣo sì lè sọ ọgọ́rùn-ún di ẹgbẹ̀rún. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ti fọwọ́ lé Bíbélì búra pé a kò ní sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi kà á fún gbogbo ìlú. Bí káńsù wa ti ń ṣe é nìyẹn. Lọ́dọọdún, wọ́n á pe gbogbo ìlú àti abúlé sí gbọ̀ngàn, wọ́n á ka owó tó ń wọlé àti owó tó ń jáde, ìlà lórí ìlà, ẹni tó bá ní ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn á sì sọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí lọ́jọ́ náà, òun ni wọ́n máa fọwọ́ sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, akápò á gbé ìwé náà lọ sí Ìbàdàn.

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ dé apá ìlera lọ́dún yẹn, mo wá orúkọ abúlé wa, mi ò rí i. Mo tún un wá. Mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú akápò. Àgbàlagbà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Owó kò sí, ọmọ yìí," ló wí. "Ìbàdàn kò tíì sọ iye tí wọ́n máa fún wa. Ó lè di ìgbà òjò kí wọ́n tó sọ."

Mo ń sunkún. Ó mú pẹ́ńsù rẹ̀, ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀: ilé ìgbẹ̀bí, orúkọ abúlé wa, náírà mẹ́wàá.

"Wò ó dáadáa," ló ní. "Èyí kì í ṣe owó. Àyè ló ń dì mú. Bí owó bá dé láàárín ọdún, mo lè gbé e kúrò lórí ìlà kan lọ sórí ìlà mìíràn. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e lọ sórí ìlà tí kò sí. Níwọ̀n bí ìlà yìí bá wà, ọ̀nà wà. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, ó di ọdún mìíràn."

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á san án fún yín."

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn abúlé yòókù bá gbọ́ pé o kúnlẹ̀ ni mo fi kọ ọ́, ibí yìí kò ní gba ẹsẹ̀."

Mo tẹ ìlà náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo rò pé ìṣòro ti parí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sílé. Lẹ́yìn àdúrà alẹ́, bàbá mi ní kí n dúró. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi jókòó lẹ́bàá ògiri, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Wọ́n ní ẹ ti ń tẹ ìwé ọ̀hún," ni bàbá mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n mo ti búra, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ ní iye. Ẹni tó búra kò gbọdọ̀ sọ iye. Mo ní, ṣé abúlé wa wà níbẹ̀?"

Mo rí i tí ọwọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú àtẹ ẹ̀wà. Kò gbé ojú sókè, ó kàn dá ọwọ́ dúró.

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, sà."

Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́ náà ni mo sọ. Ní ọjọ́ kejì nínú ìsìn, bàbá mi dìde nígbà ìkéde, ó ní Ọlọ́run ti rántí wa ní káńsù. Àwọn obìnrin bú sórin. Wọ́n jó láti ìdí àga wọn dé iwájú pẹpẹ. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá owó ọkọ̀, pé ogún èèyàn gbọ́dọ̀ lọ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara wọn. Èmi náà dìde, mo ń pàtẹ́wọ́, òógùn sì ń ṣàn lẹ́yìn mi. Mo lè pe bàbá mi sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí n sọ fún un. Mo rò ó. Mo rò ó títí ọkọ̀ tí mo máa wọ̀ padà fi dé. Ìbúra dì mí lẹ́nu, ìtìjú náà sì dì mí lẹ́nu, mi ò mọ èyí tó lágbára jù.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ka ìwé náà. Ọyẹ́ ṣì wà, eruku pupa bo ojú fèrèsé gbọ̀ngàn. Àga onígi kún, àwọn kan sì dúró lẹ́bàá ògiri. Alága, àwọn káńsẹ́lọ̀, akọ̀wé káńsù àti akápò jókòó sórí pẹpẹ níwájú. Wọ́n gbé tábìlì kékeré kan fún mi lábẹ́ pẹpẹ náà kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Akọ̀wé káńsù ló ń ka ìwé ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá pẹ̀lú ohùn ńlá.

Àwọn ará abúlé wa wọlé pa pọ̀. Aṣọ ìkórè wọn ni wọ́n wọ̀. Bàbá mi wà níwájú wọn nínú agbádá funfun. Ìyá mi kò wá, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà láàárín àwọn obìnrin, wọ́n fi í jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Nígbà tí bàbá mi rí mi nídìí tábìlì ìjọba, ó mi orí díẹ̀, bí ẹni pé ó ń kí ọ̀gá kan. Mi ò rí ibi fi ojú sí.

Owó tó ń wọlé ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Wọ́n ní wọ́n máa fi kún owó ìsọ̀ ọjà. Ìyá kan tó ń ta òrí dìde.

"Alága, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsọ̀ tí ẹ ní kí n fi owó kún yìí, bí òjò bá ń rọ̀, ìta gbẹ ju inú rẹ̀ lọ."

Ẹnìkan dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Ìyá, ẹ kúkú máa sin ẹja níbẹ̀!"

Gbọ̀ngàn fi ẹ̀rín bú. Wọ́n dé orí owó kẹ̀kẹ́ ológeere. Bàbá àgbẹ̀ kan ní, "Kẹ̀kẹ́ tèmi kò ní bíréèkì, kò sì ní aago. Ṣé ìdajì ni n óò san?"

Alága alára rẹ́rìn-ín. "Bàbá, bí kò bá ní bíréèkì, ẹ̀yin gan-an la ó mú."

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ewé kọ̀ọ̀kan tí akọ̀wé káńsù bá ṣí, mo mọ iye tó kù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn owó tó ń wọlé, wọ́n kan owó tó ń jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀gá ilé-ìwé yẹn ti ń pe orúkọ ìlú, tó sì ń pe iye tó kàn án, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni akọ̀wé ìjọ ń ṣe lọ́jọ́ ìkórè. Àwọn èèyàn náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ìlú tí owó rẹ̀ bá pọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á hó, wọ́n á na ọwọ́ sókè. Ìlú tí tirẹ̀ kéré, wọ́n á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo wo bàbá mi. Ó ti jókòó sí etí àga, ó ń tún apá agbádá rẹ̀ ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pè.

Wọ́n dé apá ìlera. Ìlú kan gba ẹgbẹ̀rún náírà fún ilé oògùn, wọ́n hó. Òmíràn gbà tó bẹ́ẹ̀ fún omi ẹ̀rọ, wọ́n hó. Ọ̀gá ilé-ìwé wá pe orúkọ abúlé wa. Àwọn obìnrin wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

"Ilé ìgbẹ̀bí," ló wí. "Náírà mẹ́wàá."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, láti ẹ̀yìn, bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìkórè.

"Pọ́n-ùn márùn-ún!" ni ọkùnrin kan kígbe. "Ẹ fi ra abẹ ìfárí kan àti òwú, kí ẹ máa bí ara yín!"

Òmíràn ní, "Ṣé ewúrẹ́ ló fẹ́ bímọ níbẹ̀ ni?"

Àwọn obìnrin wa dúró láàárín gbọ̀ngàn, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n jókòó. Bàbá mi dìde. Kò kánjú. Ó dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀.

"Alága, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Àwa kò wá tọrọ nǹkan níbí. Ilé tí wọ́n pè yẹn, àwa la fọwọ́ ara wa kọ́ ọ. Náírà mẹ́wàá kò tó owó ọkọ̀ tó gbé wa wá lónìí. Bí ẹ kò bá ní owó, ẹ sọ fún wa pé ẹ kò ní, a ó padà sílé pẹ̀lú ọ̀wọ̀ wa. Ẹ má sọ wá di ẹni ẹ̀rín lójú gbogbo ayé. Ẹ pa orúkọ abúlé wa rẹ́ kúrò nínú ìwé yẹn."

"Ẹ pa á rẹ́!" ni àwọn ọkùnrin wa wí lẹ́yìn rẹ̀.

Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ṣé ohun tí gbogbo yín fẹ́ nìyẹn?"

"Òun ni!"

"Ó dáa. Akọ̀wé, ẹ pa á rẹ́. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀."

Akọ̀wé káńsù ṣí ìdérí bíírò pupa rẹ̀. Mo wo akápò. Ó ń wo tábìlì. Mo mọ ìdí rẹ̀: bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi í léèrè ẹni tó ní kó fi ìlà tí ìgbìmọ̀ kò jíròrò sínú ìwé. Pẹ́ńsù mi wà lórí bébà, ó yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti pa á rẹ́. Mo gbé ojú sókè, mo sì rí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Nínú gbogbo àwọn ará wa, òun nìkan ló ṣì jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀, ó sì ń wò mí. Òun ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé ó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Olúwa, ràn mí lọ́wọ́." Mo dìde. Mi ò lọ sọ́dọ̀ alága. Mo gba àárín àwọn àga lọ bá bàbá mi, mo sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Dìde," ni bàbá mi wí lábẹ́ ohùn. "Ẹnu iṣẹ́ ìjọba lo wà."

"Bàbá, ẹ má bínú. Kọ́bọ̀ tí Ìyá ń jù sínú àwo fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kàdúná, ṣé ọrẹ ni?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Kí ló kan ìyẹn níbí?"

"Ẹ dá mi lóhùn, sà. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rò pé kọ́bọ̀ kan ni agbára ẹ̀gbọ́n mi mọ? Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dì mú. Bí wọ́n bá pa orúkọ yẹn rẹ́, lọ́jọ́ tó bá fa màlúù wá, inú ìwé wo ni wọ́n máa kọ ọ́ sí? Kọ́bọ̀ tiwa ni wọ́n pè yẹn, Bàbá. Owó kò tíì dé. Bí orúkọ wa kò bá sí níbẹ̀ nígbà tó bá dé, ó máa kọjá wa lọ."

Ohùn alága dé láti òkè. "Ta ni ọmọbìnrin yìí? Ṣé kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa ni?"

"Tapíìsì ni, sà," ni akọ̀wé káńsù dáhùn.

"Ta ló ní kó sọ̀rọ̀?"

Ìyá àgbà kan láti ìjọ wa, tí ọmọ tirẹ̀ náà wà ní Kánò, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Áà! Kọ́bọ̀ ni!" Ó yí sí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kọ́bọ̀ ni wọ́n jù sílẹ̀ fún wa. Ẹ jókòó, ẹ jókòó jàre." Àwọn obìnrin wa jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan lára àwọn obìnrin ìlú mìíràn náà ń mi orí, torí kì í ṣe ìjọ wa nìkan ló ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ṣì dúró, àwọn ọkùnrin sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti ta kò ó lójú ìlú, èmi ọmọ tó bí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó máa ń pè ní ọ̀rọ̀ obìnrin.

"Bàbá," ni alága wí, "ọjọ́ ti lọ. Ká pa á rẹ́ àbí ká fi sílẹ̀?"

Eékún mi ń ta mí. Mo ń wo etí agbádá funfun yẹn, eruku ti bá a jẹ́ nísàlẹ̀. Mo rí bíírò pupa náà lọ́wọ́ akọ̀wé káńsù, ìdérí rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni bàbá mi wí.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò wò mí, ó jáde lọ bá ọkọ̀. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlà náà dúró.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fún mi ní kúẹ́rì. Wọ́n ní kí n sọ ìdí tí mo fi dá ìpàdé ìlú rú. Mo kọ èsì, mo tọrọ àforíjì. Akápò fi rìbọ́ọ̀nù ìtẹ̀wé tuntun sórí ẹ̀rọ mi, èyí tí mo ti ń béèrè láti ọdún tó kọjá. Kí oṣù tó parí, wọ́n gbé mi lọ sí Ìsẹ́yìn.

Mo lọ dágbére nílé kí n tó lọ. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó yí sí ìyá mi, ó ní, "Sọ fún ọmọ rẹ pé omi wà nínú ìkòkò." Bí ó ṣe bá mi sọ̀rọ̀ títí mo fi wọ ọkọ̀ nìyẹn.

Ní Ìsẹ́yìn, mo ń ka oṣù lórí ìka mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi máa bí nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, gẹ́gẹ́ bíi ti àkọ́kọ́. Mo ń gbàdúrà láàárọ̀ kí n tó kúrò lórí ẹní, mo tún ń gbà á bí mo ti ń rìn kọjá lára àwọn tó ń ta òwú sí àwọn ahunṣọ. Nígbà mìíràn, àárín àdúrà ni màá rí i pé kì í ṣe àdúrà ni mò ń gbà mọ́, ẹ̀rù ló kàn ń bà mí. Ní oṣù keje, awakọ̀ kan mú ìwé wá fún mi láti ọ̀dọ̀ akápò. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀: "Owó ti dé, mo ti gbé e." Kò fọwọ́ sí i.

Agbẹ̀bí dé abúlé wa kí oṣù náà tó parí. Obìnrin ará Òkèhò ni, ó gbé àpótí onírin àti àtùpà gáàsì wá. Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ tí kò dá, odò kún, ọkọ̀ kò lè kọjá. Fún ọjọ́ márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò ti apá ibẹ̀ dé Ìsẹ́yìn. Mo máa ń lọ sí garéèjì nígbà tí a bá ti ṣíwọ́, mo ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo awakọ̀. Wọ́n ti mọ̀ mí. Wọ́n á ní, "Antí, kò sí ọ̀nà," kí n tó lanu.

Ní ọjọ́ kẹfà, ọ̀kan nínú wọn ló kọ́kọ́ pè mí. Ó ní wọ́n ní kí òun sọ fún mi pé ọmọkùnrin ni. Ó ní ẹsẹ̀ ló fi wá, agbẹ̀bí sì jìyà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kó tó yí i padà. Ó ní ọmọ náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko etílé gbọ́ ọ. Mo jókòó sórí àpò ọkà kan níbẹ̀ nínú garéèjì. Wọ́n fún mi ní omi mu. Láti ìgbà náà títí di òní, mi ò tíì dúpẹ́ tán.

Mi ò lè lọ sílé fún ìkórè ọdún náà. Iṣẹ́ kò gbà mí láàyè. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó dé. Ìyá mi fà mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Wọ́n pe orúkọ rẹ ní ìkórè," ló wí. "'Ọmọ wa tó wà ní Ìsẹ́yìn, kọ́bọ̀ kan.'"

Mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó fi kọ́bọ̀ kan hàn mí níbi tó so ó mọ́. "Tèmi rèé. Mo ń dìde lọ jù ú ni mo gbọ́ tí wọ́n pè ọ́. Bàbá rẹ ti lọ síwájú kí n tó dé."

Mo jáde. Bàbá mi wà lábẹ́ igi màngòrò, ó ń bó àgbàdo, ọmọ tuntun náà sì sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé, sà."

"Kú àbọ̀," ló dáhùn. "Ọ̀nà ńkọ́?"